Ìwúre Ọ̀wẹ̀ Ilé Kíkọ́ ní Baṣọ̀run

Olódùmarè, Ọba tó tẹ́ ilẹ̀ kalẹ̀ kó tó dá ẹni tí yóò máa rìn lórí rẹ̀, ìbà rẹ o. Ìbà ilẹ̀ Baṣọ̀run tí a tẹ̀ yìí, láti ọ̀nà Àṣí títí dé ibi tí Akóbọ̀ ti gba títì lọ́wọ́ wa. Ìbà àwọn àgbẹ̀ tó ti dáko níhìn-ín kí ẹnikẹ́ni tó gbé okùn wá wọn púlọ́ọ̀tì. Ìbà Olúyọ̀lé, ìbà Ògúnmọ́lá, àwọn akọni tó jẹ oyè Baṣọ̀run n'Íbàdàn láyé ogun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà, a kúnlẹ̀ ká tó sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa rọ́nà lọ.

Ilé la wá tọrọ. Ilé fún ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọjà Baṣọ̀run. Ilé fún ọlọ́kadà tó ń ná Ìwó Róòdù sí Akóbọ̀. Ilé fún tíṣà tí owó oṣù rẹ̀ ti tán kí oṣù tó dé ìdajì, fún télọ̀ tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù, fún opó tí àwọn àna lé jáde, fún bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tíì jáde. Ilé oníyàrá méjì, tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, tó ní ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, tí òjò kò ní jò lé ọmọ wọn lórí. A sì tọrọ pé kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ, pẹ̀lú ọwọ́ àwọn tí kò bá wọn tan rárá, àwọn tó kàn gbọ́ pé iṣẹ́ wà níbì kan lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n gbé ṣọ́bìrì wọn wá.

Baba, o rí ohun tí owó ilé ń fojú wọn rí. Ọdún á yí po, onílé á ní òun ti fi kún un. Wọn á wá ilé mìíràn lọ sí ẹ̀yìn ìlú, ejẹ́ǹtì á béèrè kọmíṣàn, á béèrè owó àgírímẹ́ǹtì, á béèrè owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹsẹ̀ wọn tó wọ yàrá. Ọmọ á fi ilé-ìwé sílẹ̀ láàárín táàmù nítorí pé ibi tí wọ́n kó lọ ti jìnnà jù. Àga tí ìyá ọmọ rà nígbà ìgbéyàwó á kán lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí ènìyàn bá ti kó lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kò ní tú gbogbo ẹrù rẹ̀ mọ́; àpótí kan á máa wà ní dídè lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí kò mọ ìgbà tí wọn yóò tún ní kó kó jáde. Olúwa, fi òpin sí kíkó kiri wọn. Jẹ́ kí wọ́n kan ìṣó mọ́ ògiri láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí wọ́n gbin igi ọsàn sí ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n sì dúró pẹ́ níbẹ̀ tó láti ká èso rẹ̀.

A kò ṣépè fún onílé o. Ọ̀pọ̀ onílé n'Íbàdàn yìí, owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n fi kọ́ ilé kan ṣoṣo tí wọ́n ní, owó tó ń ti ibẹ̀ wọlé ni wọ́n sì fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bù kún wọn. Fi àánú sí wọn nínú, kí wọ́n rántí ọdún tí àwọn náà jẹ́ ayálégbé.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún ọ̀wẹ̀. A dúpẹ́ pé o fi í lé àwọn baba wa lọ́wọ́ kí àpò sìmẹ́ǹtì kan tó gúnlẹ̀ sí èbúté. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò kò ní wó ògiri tútù, ẹni tó fẹ́ kọ́lé á bẹ̀ ọ̀wẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ á dé, ará àdúgbò á dé. Wọn á gbẹ́ ilẹ̀, wọn á da omi sí i, wọn á fẹsẹ̀ po ó títí amọ̀ yóò fi rọ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn obìnrin á máa pọn omi bọ̀ láti odò. Wọn á mọ ìpele kan yí ilé ká, wọn á fi í sílẹ̀ fún oòrùn títí yóò fi gbẹ, kí wọ́n tó padà wá gbé ìpele kejì lé e. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ ènìyàn á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n lẹ́rú. L'Ọ́yọ̀ọ́ ńkọ́? Láyé àtijọ́, bí ọdún Bẹẹrẹ bá dé, àwọn ará ìlú àti ìletò á ru koríko bẹẹrẹ wá fún Aláàfin, èyí tí wọn yóò fi bo òrùlé ààfin. Ọba tó ní ẹṣin, tó ní ìlàrí, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bo ilé rẹ̀ lọ́dọọdún nígbà náà. Kí ló wá dé tí mẹ̀kúnnù Baṣọ̀run yóò fi tijú pé a bá òun kọ́ tòun?

Àáró ní òǹkà tirẹ̀: mo bá ọ ro oko lónìí, o bá mi ro tèmi lọ́tùn-únla. Ọ̀wẹ̀ kì í kà á. Oúnjẹ àti ọpẹ́ ni ẹni tó bẹ̀ ọ̀wẹ̀ jẹ àwọn tó wá, àmọ́ gbogbo àdúgbò mọ ẹni tí kì í wá, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá sì bẹ̀ tirẹ̀ ni yóò mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Olódùmarè, a bẹ̀ ọ́, dá ojú àti ìtìjú rere yẹn padà sí àárín wa. Ní òpópónà wa báyìí, géètì ga, ajá gbó, a kì í mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lódìkejì. Jẹ́ kí ariwo ṣọ́bìrì níbi ilé ẹnìkan mú wa béèrè pé, "Ta ló ń kọ́lé? Ọwọ́ wo ló kù níbẹ̀?"

Ohun tó wúwo lọ́kàn wa jù nínú ìwúre yìí nìyí, jọ̀wọ́, tẹ́tí sí i. Ẹni tó bẹ̀ ọ̀wẹ̀ kì í jókòó sórí àga kó máa wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Kì í sì í ká gúlútú níwájú wọn bí ẹni tó ń tọrọ báárà. Inú amọ̀ ló wà pẹ̀lú wọn. Òun ló mọ ibi tí yàrá ìyá rẹ̀ yóò wà, òun ló ń sọ pé kí wọ́n kọjú ilé sí ìhín tàbí ọ̀hún, ìyàwó rẹ̀ ló mọ iye iṣu tí yóò yó wọn. Ilé rẹ̀ ni, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ilé rẹ̀ ni. Nítorí náà, Olúwa, gbà wá lọ́wọ́ ìrànlọ́wọ́ tó ń sọ ọmọlúàbí di ẹni yẹpẹrẹ. Gbà wá lọ́wọ́ àwa tó ń gbé fóònù jáde kí búlọ́ọ̀kù kan tó kúrò nílẹ̀. Má jẹ́ ká ní kí opó ka ìṣẹ́ rẹ̀ níwájú kámẹ́rà kó tó rí ilẹ̀kùn gbà. Má jẹ́ ká yan ọ̀dà fún un, ká sì máa bínú pé kò dúpẹ́ tó. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sí ibi iṣẹ́ láti wá gba ìyìn, jẹ́ kí òógùn fọ ìyẹn kúrò lára rẹ̀ kó tó di ọ̀sán.

Fún ìdílé tí a ń bá kọ́ ọ, mú ìtìjú kúrò lójú wọn. Mú ìmẹ́lẹ́ náà kúrò, torí òun náà wà, a kò ní purọ́ níwájú rẹ. Má jẹ́ kí ọkùnrin kan fi àwọn àjèjì sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ilé rẹ̀ kó lọ jókòó sídìí ayò. Jẹ́ kí bàbá gbé búlọ́ọ̀kù, kí ìyá bu yanrìn, kí ọmọ tó ti dàgbà gbé omi. Jẹ́ kí eruku sìmẹ́ǹtì bo gbogbo wọn bákan náà, débi pé bí àlejò bá kọjá lójú ọ̀nà, kò ní mọ ẹni tó ni ilé yàtọ̀ sí ẹni tó wá ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún kù, Baba, nítorí ilẹ̀ ló ń pa ilé mẹ̀kúnnù kí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó dé. Láti 1978 ni òfin ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, pé kó máa dì í mú fún gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀, ọwọ́ àwọn Mọ́gàjí, olórí ìdílé, àti ẹbí ni tálákà ti ń rà á, ọ́fíìsì ìjọba ló sì ti ń wá ìwé rẹ̀, ó ń sáré láàárín méjèèjì títí bàtà rẹ̀ á fi jẹ. Fún àwọn Mọ́gàjí, a bẹ̀ ọ́: fi ìbẹ̀rù rẹ sí wọn láyà kí wọ́n má ta púlọ́ọ̀tì kan fún ẹni méjì. Fún àwọn ọmọ onílẹ̀: jẹ́ kí èyí tó ti gba owó ìpìlẹ̀ rántí pé òun ti gbà á, kó má tún dé nígbà líńtà, kó má tún dé nígbà òrùlé. Fún àwọn awọnlẹ̀: jẹ́ kí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ bá ìwé mu. Fún akọ̀wé tí fáìlì wà lórí tábìlì rẹ̀: jẹ́ kó fọwọ́ sí i lónìí. Ẹbí yòówù tó bá wo gbogbo ilẹ̀ tó ń tà, tó yọ púlọ́ọ̀tì kan sọ́tọ̀ pé kí wọ́n fi kọ́ ilé fún àwọn tí kò ní, Olódùmarè, má jẹ́ kí ilẹ̀ tán lọ́wọ́ ìran wọn.

O rántí 1958, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ tó ń rí sí ilé kíkọ́ sílẹ̀, tí ẹ́sítéètì Bódìjà, aládùúgbò wa, sì dìde ní ibi tí igbó wà. Iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn tí owó oṣù wọn dúró sójú kan ló rí ibẹ̀ gbé jù. Àwọn tó po kọnkéré rẹ̀, ìwọ lo mọ ibi tí wọ́n sùn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀. A ṣe ìwúre fún ọmọ wọn àti ọmọ-ọmọ wọn níbikíbi tí wọ́n bá wà lónìí.

Bù kún owó kékeré. Bù kún àjọ tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń dá lójoojúmọ́, bù kún èésú, bù kún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń pàdé lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù oníṣọ̀nà. Ìlú wa kì í ṣe àjèjì sí i. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dé ní 1935, Olóyè Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san sì wà lára àwọn tó kó àwọn àgbẹ̀ kòkó Ìbàdàn jọ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di 1953, àwọn àgbẹ̀ yẹn àti ẹgbẹ́ wọn ti ní báǹkì tiwọn. Bí owó kòkó láti inú àpò aláìlórúkọ bá lè gbé báǹkì ró, owó ẹ̀kọ àti owó ọ̀kadà lè gbé ògiri ró. Ṣùgbọ́n dákun, Olúwa, ṣọ́ akápò fún wa. Dá ojú rẹ̀ padà kúrò lára owó tí kì í ṣe tirẹ̀. Owó ilé gbígbé tí òfin ti ní kí wọ́n máa yọ lára òṣìṣẹ́ láti 1992, náírà méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ kó padà dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ilé kó tó dàgbà jù láti gun àkàbà. Owó tí wọ́n sì kó jọ fún ọgọ́rùn-ún àpò sìmẹ́ǹtì, má jẹ́ kó ti di ti ọgọ́ta kí wọ́n tó gbé e dé ìdí ìsọ̀.

A dé orí búlọ́ọ̀kù. Olódùmarè, ìwọ tó ń wo inú, wo inú búlọ́ọ̀kù yìí fún wa. Àpò sìmẹ́ǹtì oníkílò 50, bí ó bá bá yanrìn rẹ̀ mu, bíi 30 búlọ́ọ̀kù oníńṣì mẹ́sàn-án ni yóò bí. Àwọn kan á fà á dé 40, àwọn mìíràn á fà á dé 50, wọn á tò ó sínú oòrùn láìwọ́n omi sí i, wọn á sì tà á fún ẹni tí kò mọ̀. Lójú, búlọ́ọ̀kù ni. Bí ọmọ bá fi èékánná ha á, á máa dà sílẹ̀ bí gààrí. Ilé tálákà ni wọ́n máa ń kó irú rẹ̀ lọ, torí òun ni kò wọ́n. Gba ilé àwọn ènìyàn yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Fún àwọn tó ń po ó ní ọkàn tí yóò gbà pé kò sí ilé tí a kì í sùn sí. Jẹ́ kí wọ́n máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ tó pé. Bí wọ́n bá da kọnkéré, jẹ́ kí wọ́n ní sùúrù fún un. Ọjọ́ 28 ni kọnkéré fi ń gba agbára tó yẹ kí wọ́n kà sí i, ìkánjú kankan kò sì lè dín in kù.

Bù kún bírìkìlà. Àwọn lọ́yà àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tó yọ̀ǹda ara wọn lè ru iyanrìn, wọ́n lè gbé omi, wọ́n lè di irin, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò lè tò búlọ́ọ̀kù kó tọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ síra wa. Ìfẹ́ inú nìkan kì í mú ògiri dúró ṣánṣán. Bírìkìlà tó na okùn, tó di ojú kan wo ìwọ̀n, tó ní, "Ẹ tú ìlà yẹn, ẹ tún un tò," kí àwọn tó kàwé gbọ́ sí i lẹ́nu kíákíá. Kí wọ́n pè é ní ọ̀gá. Kí wọ́n sì san owó rẹ̀ fún un kó tó ṣẹ́wọ́, torí ọ̀wẹ̀ kò ní ká fi ebi sin oníṣẹ́ ọwọ́ lọ sílé. Bù kún káfíńtà tó lọ ṣa pákó ní Bódìjà, tó kọ èyí tí ikán ti jẹ. Bù kún lébìrà, ọmọ ìyá àwọn tó kú ní Ìkòyí l'Ékòó lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí ilé alájà mọ́kànlélógún wó lé wọn lórí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀mí tó ju 40 lọ. Olúwa, fún wọn ní ìsinmi. Jẹ́ kí àkàbà àwọn tiwa dúró, jẹ́ kí pákó tí wọ́n ń gùn má yẹ̀. Kí ìṣó má gún ẹsẹ̀ wọn. Kí ejò má jáde nínú òkìtì òkúta.

A bẹ̀ ọ́ nítorí omi. Ìbàdàn kò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ọ̀gùnpa kọjá ààlà rẹ̀ tó sì kó ènìyàn, ilé, ọkọ̀ àti ẹrù ọjà lọ. A kò tíì tu ara wa nínú tán kí ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tó dé pẹ̀lú omíyalé tirẹ̀, tó já afárá, tó wó ògiri káàkiri ìlú. Ilẹ̀ etí odò ló máa ń pọ̀ ní owó pọ́ọ́kú, ibẹ̀ sì ni wọ́n máa ń fi han ẹni tí kò lówó, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò ti dín kù. Ọba tó mọ ojú ọ̀nà omi, la ojú wọn. Fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu àgbàlagbà kan ní àdúgbò, kó sọ fún wọn pé, "Omi máa ń dé ibí yìí o." Jẹ́ kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kí wọ́n la gọ́tà kí wọ́n tó mọ ilé. Jẹ́ kí àwa náà tó wà lókè yéé da ìdọ̀tí sínú gọ́tà tó ń lọ sí ọ̀dọ̀ wọn.

A sì rántí Bódìjà. Alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàmù tó wà nípamọ́ nínú ilé kan bú, ilẹ̀ mì, gíláàsì fọ́ ní ilé àwọn tó jìnnà síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé sì di àlàpà láàárín ìṣẹ́jú. Olówó di ẹni tó ń wá ibi sùn. Fún gbogbo ẹni tó pàdánù ènìyàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, rọ ojú wọn. Fún àwọn aládùúgbò tó sáré jáde fi ọwọ́ lásán gbẹ́ àwókù láti yọ ẹni tí wọn kò mọ̀, má jẹ́ kí ọwọ́ yẹn rọ láéláé. Ọwọ́ bẹ́ẹ̀ la ń wá láti fi kọ́lé.

A dúpẹ́ fún àwọn tó ṣe irú rẹ̀ níbòmíràn. Millard Fuller àti Linda ìyàwó rẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà, kó ọrọ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n sì lọ sí oko Koinonia ní Georgia, níbi tí wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n ilé àjọkọ́. Ní 1973, wọ́n gbé ọgbọ́n náà wá sí Mbandaka, ní ilẹ̀ Kóńgò tí wọ́n ń pè ní Zaire nígbà náà; ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú ni wọ́n ti dán an wò kí wọ́n tó padà sílé lọ dá Habitat for Humanity sílẹ̀ ní 1976. Ìlànà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kò ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá: ẹni tí yóò gbé ilé yóò fi òógùn ara rẹ̀ sí i, yóò sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí èlé, kí owó náà lè kọ́ ti ẹlòmíràn. Jimmy Carter, tó ti ṣe olórí Amẹ́ríkà rí, gbé òòlù láti 1984, òun àti Rosalynn aya rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e títí wọ́n fi darúgbó kùjọ́kùjọ́. Bàbá náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó re ibi àgbà ń rè ní 2024. Olódùmarè, fún àwa náà ní irú àgbà bẹ́ẹ̀. Fún wa ní ẹni tó ti joyè, tó ti ṣe kọmíṣánnà, tí yóò bọ́ agbádá sílẹ̀ ní Baṣọ̀run kó sì béèrè pé ibo ni ṣọ́bìrì wà.

Fún àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó wà ní Houston, tó wà ní Toronto, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru kí wọ́n lè fi owó ránṣẹ́ wálé: jẹ́ kí owó náà dé ibi tí wọ́n rán an. Má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n jẹ owó ilé àbúrò. Jẹ́ kí wọ́n rí i pé owó ilé àlejò kan lókè òkun fún ọdún kan lè bo òrùlé ìdílé kan níhìn-ín, kí wọ́n sì ṣe é pẹ̀lú ayọ̀.

Má gbàgbé àwọn tó ń dáná. Láti ìdájí ni wọ́n ti dúró ti iná, tí wọ́n ń ro àmàlà fún àwọn tí wọn kò tíì mọ orúkọ wọn, tí ẹ̀fín ń mú ojú wọn. Gbogbo ẹni tó bá ń ka orúkọ àwọn tó kọ́ ilé, kó ka tiwọn mọ́ ọn. Má gbàgbé àwọn ọmọdé tó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń yangàn pé àwọn ń ṣiṣẹ́, jẹ́ kí wọ́n dàgbà nínú ilé yẹn, kí wọ́n lè fi ìka han ọmọ tiwọn pé, "Ibí yìí ni mo gbé òkúta sí." Má gbàgbé arúgbó tí ẹ̀yìn ń dùn, tó kàn jókòó sábẹ́ igi tó ń ṣọ́ ẹrù. Bí kò bá ṣọ́ ọ, àpò sìmẹ́ǹtì ìbá ti rìn lọ.

Ó tó àsìkò kí a yí ojú sí ara wa, kí a súre fún ara wa lójúkojú.

Ẹ̀yin ìdílé tí ẹ ń kọ́lé, ilé yín kò ní di ìdí ẹjọ́. Ẹ ó parí rẹ̀, ẹ ó sì gbé inú rẹ̀. Àrùn kò ní gba owó páànù lọ́wọ́ yín. Ẹ kò ní kó wọlé tán kí ikú ṣí ilẹ̀kùn. Ọmọ yín yóò máa rí iná kàwé, ìyá yín yóò rí yàrá sùn nígbà tó bá wá kí yín, ẹ kò ní sọ fún àlejò pé àyè kò sí. Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá bẹ̀ ọ̀wẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ dé.

Ẹ̀yin tí ẹ yọ̀ǹda ara yín, òógùn yín kò ní ṣòfò. Egungun yín tó ń ro yín lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kò ní di àìsàn. Níbi tí ẹ kò ti ní ará, ẹni tí yóò pè yín ní ará yóò yọjú. Bí ẹ bá rìn kọjá ní òpópónà yẹn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọn yóò ṣílẹ̀kùn, wọn yóò ní, "Ẹ wọlé, ẹ ti jẹun bí?" Ẹ̀yin onílẹ̀ tí ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ta sìmẹ́ǹtì ní iye tí ẹ rà á fún wọn, ẹ̀yin ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù tí ẹ kò gba owó àtiwọlé lọ́wọ́ wọn, ẹ̀yin pásítọ̀ àti lèmọ́mù tí ẹ kéde rẹ̀ fún ìjọ yín láìbéèrè ẹ̀sìn ẹni tó ni ilé: ìbùkún kò ní tán nílé yín.

Àti ìwọ, bírìkìlà. Ìwọ tó ti kọ́ ilé fún ọgọ́rọ̀ ènìyàn láti Dùgbẹ̀ dé Akóbọ̀, tí o ṣì ń sá fún onílé ní ìparí ọdún. A ti rí ọ. Nígbà tí ilé yìí bá ti gba òrùlé, tìrẹ ló kàn. Lọ bá àwọn ẹbí rẹ sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Máa kó búlọ́ọ̀kù jọ ní márùn-ún, ní mẹ́wàá. Bẹ̀ wá lọ́wẹ̀, a ó wá: lọ́yà á wá, akẹ́kọ̀ọ́ á wá, ìyá ẹlẹ́kọ á gbé ìkòkò wá, àwọn tí o kọ́lé fún á wá. A ó na okùn bí o ṣe kọ́ wa, bí ìlà bá wọ́, kí o ní ká tú u. Kí Ọlọ́run fún wa ní ẹ̀mí rẹ̀, kó fún wa ní ẹ̀ẹ̀rùn tó gùn lọ́dún náà.

Àṣẹ.